Ṣé o mọ̀? Bí páìpù bá bẹ́ sínú òkun, ta ni yóò san owó gbà-má-bínú?

Páìpù gáàsì kan wà lábẹ́ òkun tí Gberefu ní Àgbádárìgì dojú kọ. Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà ló fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lọ́dún 2003. Ó gùn tó kìlómítà 678, láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn dé Takoradi ní Gánà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ó bàjẹ́ nínú omi Tógò, ọ̀pọ̀ oṣù ni gáàsì kò fi dé Gánà.

Ní ti owó gbà-má-bínú, òfin páìpù epo tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 1956 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹni tó gbàwé àṣẹ páìpù ni yóò sanwó fún ẹni tí jíjò rẹ̀ pa lára, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fi hàn pé ó jáfara. Bó bá jẹ́ pé ọ̀bàyéjẹ́ ló dá páìpù lu ńkọ́? Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Bodo ní Ogoni pe ilé-iṣẹ́ epo Shell lẹ́jọ́ ní London nítorí epo tó tú sómi wọn lọ́dún 2008, adájọ́ sọ lọ́dún 2014 pé ilé-iṣẹ́ tó kùnà láti dáàbò bo páìpù rẹ̀ lọ́wọ́ olè lè jẹ̀bi. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́ùn fún àwọn ará Bodo. Ẹ̀tọ́ wọn ni, kì í ṣe ojú àánú.

Ẹ̀yin apẹja wa, bí ẹ bá rí epo lójú omi, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tètè fi tó NOSDRA létí, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó bá tú dànù.