Kí Ẹnu Sọ Ohun Tí Ojú Kò Lè Sọ Mọ́

Ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, kì í ṣe ohun tuntun láti rí àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan a ní ogbó ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà mìíràn, àrùn Parkinson ni. Kì í ràn, kò sì ti ọwọ́ ọ̀tá wá.

Ọdún 1817 ni James Parkinson, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àrùn náà ń jẹ́ títí dòní. Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dopamine, èyí tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, a máa kú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ a gbọ̀n, ara a le, ẹsẹ̀ a wúwo. A kò tíì rí oògùn tí ó lè wò ó tán, ṣùgbọ́n oògùn levodopa a máa mú kí ara rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bá àrùn náà gbé fún ọdún púpọ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ó lè da ilé tọkọtaya rú ju gbígbọ̀n lọ ni ojú. Àrùn yìí lè mú kí iṣan ojú le, kí ohùn sì rẹlẹ̀. Ìyàwó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ọkọ wò ó láìrẹ́rìn-ín. Ọkọ dúpẹ́, ohùn rẹ̀ kò dé etí ìyàwó. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìyàwó a rò pé ìfẹ́ ti tán, ọkọ a sì rò pé òun ti di ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kò ṣẹ ẹnìkejì. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ilé tí àrùn yìí bá wọ̀, a gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu.

Kí ìyàwó béèrè: “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé inú ń bí yín ni, tàbí ara ni?” Kí ọkọ náà má ṣe rò pé ìyàwó ti mọ̀, kí ó sọ ọ́. Kí wọ́n jọ lọ rí dókítà, kí wọ́n sì jọ máa ṣọ́ àkókò oògùn. Èso wèrèpè ní levodopa nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó láìsọ fún dókítà. Kí àwọn ọmọ sì máa gba iṣẹ́ ṣe, kí olùtọ́jú lè sinmi.

Ní 1984 ni wọ́n sọ fún Muhammad Ali, akànṣẹ́ ńlá nì, pé ó ní àrùn yìí. Ní 1986 ni Lonnie fẹ́ ẹ, ó mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá bá. Ní 1996, lójú gbogbo ayé, Ali fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n tan iná Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Lonnie wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi kú ní 2016.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá kí bàbá tàbí ìyá àgbà tí kò rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ má ṣe yára kúrò. Ẹ jókòó tì í. Ẹ fún un láyè. Ìdáhùn ń bọ̀ lọ́nà.