Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Oyún sí Oṣù

Ọ̀pọ̀ aláboyún ló ń béèrè lọ́wọ́ wa pé oṣù mélòó gan-an ni oyún àwọn. Ìbéèrè ńlá ni. Ẹni tó bá ṣì í kà lè máa kánjú bí ọmọ tí kò tíì gbó, tàbí kó jókòó sílé nígbà tó yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń dàrú nìyí. Nọ́ọ̀sì kọ ọ̀sẹ̀ 36 sínú káàdì. Ìyá ọkọ gbà á wò, ó fi 4 pín in, ó bá 9. Ó ní, "Oṣù kẹsàn-án ti pé, kí ló dé tí ìyàwó wa ò tíì rọbí?" Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé àgbo tí yóò mú un rọbí dé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 jẹ́ ọjọ́ 28 péré, Fébúárì nìkan ló sì ń ní ọjọ́ 28. Oṣù yòókù jẹ́ 30 tàbí 31. Ọ̀sẹ̀ 36 jẹ́ ọjọ́ 252, ìyẹn oṣù 8 àti ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi 4 pín ọ̀sẹ̀ oyún mọ́.

Ọjọ́ 280, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ 40, ni à ń retí. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù tí ẹ rí kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ la ti ń kà á. Ẹ ka oṣù 9 síwájú lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ fi ọjọ́ 7 kún un. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Júùnù, oṣù 9 yóò pé ní ọjọ́ 10 oṣù Máàṣì. Ọjọ́ 17 oṣù Máàṣì ni kí ẹ máa retí ọmọ. Ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì yẹ̀, torí pé oṣù kò gùn bákan náà.

Tí a bá ń ka ọjà ọrọọrún, a máa ń ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ 4 péré ló sì wà láàárín ọjà méjì. A kì í kà á bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì. Ọjọ́ kejì tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ ni a ń pè ní 1.

Ọmọ tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, oṣù rẹ̀ kò pé nìyẹn. Mímí àti ọmú fífà lè nira fún un. Bí oyún bá sì wọ ọ̀sẹ̀ 41, ẹ wá kí a yẹ̀ yín wò, bí inú ò tilẹ̀ run yín. Ẹni tí kò bá rántí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀, kó tètè wá ya àwòrán oyún kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé.

Ṣùgbọ́n bí omi bá tú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ má ka ọjọ́ kankan mọ́. Ẹ mú káàdì yín dání, kí ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.