Egbò Kan Náà, Ọtí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìlera loògùn ọrọ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró pẹ́ díẹ̀ nídìí àtẹ ìyá alágbo, ìbáà ṣe ní Ìkẹ̀rẹ́ tó fi òkè Olósùnta ṣe odi, ní Ìsẹ̀ ilé Arínjálẹ̀, tàbí ní Emùré ilé Elemùré, yóò rí i pé ọrọ̀ pẹ̀lú a máa yan oògùn fún aláìsàn. Egbò ẹ̀gbẹsì kan náà ni, egbò ìpẹ̀ta kan náà ni. Omidùn ni wọ́n ń fi rẹ ẹ́ fún ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ, ògógóró ni ti awakọ̀ àti alágbàṣe, ṣínáàpù ìgò aláwọ̀ ewé sì ni ti ọlọ́lá.

Ẹmu adẹ́mu ni ọba àti ìwọ̀fà jọ ń mu kí jíìnì Jámánì àti ti Họ́láńdì tó gba Èkó wọlé. Ní 1919, àwọn ìjọba ńlá ayé fọwọ́ sí ìwé ní Saint-Germain, ní ilẹ̀ Faransé, pé a kò gbọdọ̀ sè ọtí líle ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí owó epo pupa wá já wálẹ̀ ní nǹkan bí 1930, tí ọwọ́ àgbẹ̀ há, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná sè ẹmu di ògógóró. Ìjọba amúnisìn sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń ranni lẹ́wọ̀n. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ìgò òyìnbó jókòó gbangba lórí pẹpẹ ìsọ̀, tí ti mẹ̀kúnnù ń sá pamọ́ sínú igbó.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Róòmù àtijọ́, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Cato kọ bí a ti ń fi wáìnì ṣe oògùn fún ẹni tí kò lè tọ̀; síbẹ̀, omi tí wọ́n dà sórí èèpo èso àjàrà tí wọ́n ti fún tán ni ẹrú ń mu, Cato yìí kan náà ló sì ní kí wọ́n ta ẹrú tó bá darúgbó tàbí tó ń ṣàìsàn. Galen, oníṣègùn ọba Marcus Aurelius, ńkọ́? Ó tú àká ọtí ààfin wò, ó ń wá wáìnì Falernum tó ti lé ní 20 ọdún, kí oògùn ọba lè dára.

Ká padà wálé: ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀ fọ́ àwọn ènìyàn lójú, ó sì pa èyí tó lé ní mẹ́wàá. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló fi òtítọ́ hàn. Kí oṣù kẹfà ọdún náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ògógóró. Wọn kò fọwọ́ kan ṣínáàpù.