Ẹrù yín wà lókè òkun: báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín?

Bí fóònù ìyá oníkajú kan ní Kambolé bá já sómi lónìí, tó sì ra òmíràn ní Tchamba lọ́jọ́ ọjà, kò ní sunkún púpọ̀ bíi ti àtijọ́. Yóò tẹ orúkọ àkántì rẹ̀, yóò tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Bó bá ti tan ìpamọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwòrán ọmọ rẹ̀, nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ àti ìwé gbèsè tó ti yà ní fọ́tò yóò fi máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn nǹkan náà kò sí nínú fóònù tó bàjẹ́ nìkan, wọn kò sì sí nínú síìmù. Inú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n wà, ẹ̀dà kan níbí, ẹ̀dà kan lọ́hùn-ún.

Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn kò rí ojú ìyá yìí rí. Wọn kò mọ Kambolé. Síbẹ̀ wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọn kò sì kó ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ìdáhùn ìbéèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kò ju bí ogójì ọdún lọ, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó ń fi fóònù ṣòwò láàárín Kambolé, Tchamba àti Sokodé.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ọjà tiwa ná. Ẹ jẹ́ ká ní oníṣòwò kan ní àpò kajú ní ilé ẹrù mẹ́ta, ọ̀kan ní Tchamba, méjì ní Sokodé. Olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan lé àwọn olùṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́, kó máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá dé. Àmọ́ olùṣọ́ tó bá lójú kòkòrò lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì dúró nítòsí lè gbọ́ ọ. Tí ọ̀kan bá tú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tú nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni kí ọ̀gá kan ṣoṣo wà tó mọ gbogbo oníbàárà. Ẹ ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó fi hàn án pé ẹ̀yin ni, òun yóò sì fún yín ní ìwé tó ní òǹtẹ̀, tí orúkọ yín àti aago tí ìwé náà yóò kú wà lára rẹ̀. Olùṣọ́ kò nílò láti mọ àṣírí yín. Òǹtẹ̀ ọ̀gá ni yóò wò. Bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ olè, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ìwé lásán.

Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, ilé ẹ̀kọ́ gíga Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lé iṣẹ́ kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ IBM, wọ́n pè é ní Andrew, nítorí Andrew Carnegie àti Andrew Mellon tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà wà káàkiri ilé ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè jókòó sí èyíkéyìí nínú wọn, kó rí fáìlì tirẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé inú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n wà. Mahadev Satyanarayanan wà lára àwọn tó ṣe ilé ìpamọ́ fáìlì náà, tí wọ́n ń pè ní AFS. Ní ọdún 1983, ilé ẹ̀kọ́ MIT nítòsí Boston bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n pè ní Athena. Ibẹ̀ ni Kerberos ti jáde, ìyẹn ọ̀gá tó ń pín ìwé olóǹtẹ̀. Orúkọ ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òkú nínú ìtàn àwọn Gíríìkì ni wọ́n sọ ọ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti wà nínú ìwé kan tí Roger Needham àti Michael Schroeder kọ ní 1978.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ Kerberos ni pé ọ̀rọ̀ àṣírí yín kì í rìnrìn àjò rárá. Ẹ̀rọ yín á kàn ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé, "Lágbájá ló fẹ́ wọlé." Ọ̀gá kò ní bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Yóò fi ohun tí ẹ nílò sínú àpótí kan, yóò fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rọ láti ara ọ̀rọ̀ àṣírí Lágbájá tì í pa, yóò sì fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé Lágbájá ló jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ yóò ṣí àpótí náà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, àpótí títì ló gbà yẹn, kò rí nǹkan kan mú. Ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí kankan, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Inú àpótí yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, òun sì lẹ ó máa fi gba tíkẹ́ẹ̀tì kéékèèké fún ilé ẹrù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé lọ́jọ́ náà.

Àléébù kan wà níbẹ̀ o. Ọ̀gá yẹn ló ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ gbogbo ènìyàn, nítorí náà bí olè bá wọ ilé rẹ̀, gbogbo ìlú ló jà lólè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi kọ̀ǹpútà náà sí yàrá tirẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Wàhálà tó wá kù ni bí wọ́n ṣe máa so ẹnu ọ̀nà pọ̀ mọ́ ilé ẹrù. Ọ̀tọ̀ ni olùṣọ́ tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń ṣọ́ fáìlì lọ́nà jíjìn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, kí ẹ̀rọ kí i káàbọ̀, kó sì wá fẹ́ ṣí ìwé ara rẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé kò láṣẹ. Ẹnu ọ̀nà mọ̀ ọ́n, ilé ẹrù kò mọ̀ ọ́n. Kò mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni. Ó di dandan kó tún tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́ẹ̀kejì kó lè gba tíkẹ́ẹ̀tì ilé ẹrù. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe ẹnu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1995, ilé iṣẹ́ Sun mú ọ̀nà kan wá tí wọ́n ń pè ní PAM, tó jẹ́ kí wọ́n lè tò ó pé bí ènìyàn bá ti wọlé, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá a gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kan náà. Ohun tí ìyá oníkajú wa ń jẹ ànfààní rẹ̀ lórí fóònù tuntun nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irinṣẹ́ tí Google ń lò yàtọ̀: ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yàrá sì ṣí.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń tò ó ní ọ́fíìsì tó ń lo Windows, tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos kì í ju wákàtí 10 lọ. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ gígùn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ lálẹ́ lè jí kó rí i pé iṣẹ́ dúró láàárín òru, torí tíkẹ́ẹ̀tì ti kú. Nítorí pé aago ni gbogbo rẹ̀ dá lé, aago ẹ̀rọ yín àti ti ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo kọ̀ǹpútà àlòkù yóò mọ èyí dáadáa: bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, iná lọ, iná dé, ẹ̀rọ náà sì gbà pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la wà. Kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ á rò pé àwọn gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ títí tí wọ́n á fi ti àkántì náà pa. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì ná.

Lórílẹ̀-èdè Togo níbí, ìgbà àrùn Kòrónà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí irú ìsopọ̀ yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2020, Sokodé wà lára àwọn ìlú tí ìjọba dí ọ̀nà wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, ètò Novissi bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn á tẹ *855#, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, bó bá sì yẹ, owó á wọ T-Money tàbí Flooz rẹ̀. Ní Lomé àti àyíká rẹ̀, fáráǹkì séfà 12,250 ni obìnrin ń gbà lóṣù, ọkùnrin sì ń gba 10,500. Nígbà tó yá, ètò náà dé Tchaoudjo, níbi tí Sokodé wà. Kò sí ìlà, kò sí òṣìṣẹ́ tó ń wo ojú ènìyàn. Ìwé àwọn olùdìbò, nọ́ńbà tẹlifóònù àti àpò owó inú fóònù, tó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wà, ni wọ́n so pọ̀.

Èmi ò ní sọ pé ètò náà kò dára, ọ̀pọ̀ ló jẹun níbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà káàdì ìdìbò kì í ṣe àṣírí. Akọ̀wé rí i, ẹni tó bá wa ṣe fọ́tòkọ́pì rí i. Ó ń sọ ẹni tí a jẹ́, kò fi hàn pé àwa gan-an la wà níbẹ̀. Nọ́ńbà àṣírí mọ́nì inú fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ kejì yẹn, òun ló sì yẹ ká máa ṣọ́.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn àpò owó inú fóònù bíi Flooz kì í fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ gígùn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè nọ́ńbà àṣírí. Ó ń súni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni. Ohun tó ń ba ọgbọ́n yìí jẹ́ kò sí nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì àwọn tó ń bá wa gba owó ló wà:

"Ìyá, ẹ tẹ nọ́ńbà yín."

"Ọmọ mi, ojú mi ò ríran mọ́. Bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí mi ni."

Ènìyàn márùn-ún ló wà lórí ìlà lẹ́yìn ìyá yìí. Kerberos tó kọ̀ kí ọ̀rọ̀ àṣírí gba orí wáyà kọjá kò lè gba ìyá yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá ní òbí tí kò lè tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, ẹ yan ọmọ kan nínú ilé tí yóò máa bá wọn lọ, kó má jẹ́ ẹni tó bá ṣáà wà nítòsí.

Ti fóònù tún yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì. Tíkẹ́ẹ̀tì Google tàbí WhatsApp orí fóònù yín kì í kú lẹ́yìn wákàtí 10. Ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ máa tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí láràárọ̀. Nítorí náà ẹni tó jí fóònù tí kò ní títì kò nílò ọ̀rọ̀ àṣírí kankan. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, títì ojú fóònù nìkan ló sì kù tó ń ṣọ́ ilé ẹrù yín. Bí fóònù bá sọnù lójú ọ̀nà Sokodé, ẹ yá fóònù ọmọ ìyá yín, ẹ wọ àkántì yín, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tó ń lò ó sí, kẹ́ ẹ sì lé èyí tó sọnù jáde. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ ẹ bá wọ àkántì yín ní ilé kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ sì gbàgbé láti jáde kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ padà sílé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni nọ́ńbà tẹlifóònù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló fi nọ́ńbà kan ṣí àkántì, tí a sì wá sọ síìmù náà sínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí a ra òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù a máa gba nọ́ńbà tí wọn kò lò fún ìgbà pípẹ́ padà, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn. Bí ẹni tuntun yẹn bá ní òun gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yóò lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ olè. Ó kàn ra síìmù lọ́jà ni. WhatsApp ní àyè kan tí ẹ lè fi nọ́ńbà àṣírí oníhóró 6 kún un, tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà yín ṣí i lórí fóònù mìíràn. Google náà ń gba ẹ̀rí kejì. Kẹ́ ẹ tó pa síìmù àtijọ́ tì, ẹ wọ àkántì yín kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò, ẹ fi tuntun sí i, kẹ́ ẹ sì dúró kí àmì ìdánimọ̀ wọlé sórí tuntun kẹ́ ẹ tó gbé àtijọ́ kúrò nínú fóònù.