Tarot, Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà: Àlàyé lórí Eré Kan

0. Ìfáàrà

Eré kan ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí: eré orí kọ̀ǹpútà tí káàdì Tarot kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, tí a ṣe fún Windows, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta lórí Linux. Kì í ṣe nítorí eré lásán ni a fi mú un wá síwájú ìpàdé yìí. Ìbéèrè méjì tí ó kan àwa gan-an ni ó gbé dìde. Èkíní: ǹjẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ó bá ń po káàdì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tí babaláwo ń ṣe nígbà tí ó bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀? Èkejì: báwo ni ohun tí a ṣe fún ilé kan ṣe lè gbé ilé mìíràn láìbàjẹ́? Ọ̀nà Ilobi, ní agbègbè Yewa, ni a ó gbà dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí pé àṣà kan tí wọ́n mọ̀ dunjú níbẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́.

1. Eré náà àti ìtàn rẹ̀

Balatro ni orúkọ eré náà. Ará Kánádà kan tí ó ń fi LocalThunk ṣe orúkọ iṣẹ́ ni ó ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2024. Orí póká ni a gbé e kà. Ẹni tí ó ń ta á yóò máa to káàdì jọ láti gba iye àmì tí a béèrè. Ipele 8 ni ó gbọ́dọ̀ là kọjá, ìdènà 3 sì wà nínú ipele kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, ohun gbogbo tí ó ti kó jọ di òfo. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, káàdì tí yóò sì bá pàdé kì yóò rí bíi ti àtẹ̀yìnwá. Roguelike ni a ń pe irú eré báyìí, nítorí pé ó jọ Rogue, eré tí Michael Toy àti Glenn Wichman ṣe ní nǹkan bí ọdún 1980 fún kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Unix.

Tarot 22 wà nínú Balatro, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ó ń jẹ́ Ikú a máa sọ káàdì kan di irú èkejì rẹ̀. Èyí tí ó ya ẹni tí a so rọ̀ a máa pa káàdì tí ó tó méjì run. Àwọn 22 wọ̀nyí wá láti inú Tarot àtijọ́, tí gbogbo káàdì rẹ̀ jẹ́ 78. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé eré ni Tarot ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìhà àríwá Ítálì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí àwọn ọlọ́lá ń fi í ṣe fàájì. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ará Faransé sọ ọ́ di ohun ìwoṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ìwé tí Antoine Court de Gébelin tẹ̀ jáde ní 1781 wà lára ohun tí ó fà á. Nínú Balatro, Tarot ti padà sí eré tí ó ti wá.

2. Káàdì àti ọ̀pẹ̀lẹ̀

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohunkóhun láìní ìdí. Bí a bá sọ fún un pé kí ó po káàdì, nọ́ńbà kan ni yóò mú ṣe ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò máa ṣe ìṣírò lé e lórí, títí tí èsì yóò fi rí rúdurùdu lójú wa. Nínú Balatro, àmì 8 ni ó dúró fún ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Bí ẹnì kan ní Ilobi àti ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá fi àmì kan náà bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ohun kan náà, káàdì kan náà ni wọn yóò bá pàdé. Ohun tí a rò pé ó jẹ́ oríire ti wà nínú ìṣírò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dojú dé. Bí a bá ń sọ 2 di ìlọ́po ní ọ̀nà 8, a ó rí 256: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Níbi tí iye ti parí yìí, Ifá àti kọ̀ǹpútà jọra. Ṣùgbọ́n ìjọra náà kò kọjá ibẹ̀. Nígbà tí odù bá hù, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ odù náà, ẹni tí ó wá dá Ifá, tí ó ti fi ohun tí ó ń dùn ún sínú, ni yóò sì mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Odù ni ó ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Nínú eré, bí káàdì bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán.

3. Ògbufọ̀ tí ó gbé igi

Balatro tí a gbé jáde ní 2024 kò ní ẹ̀dà fún Linux. Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Eré kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ. Ètò adarí kọ̀ǹpútà ni ó ń bẹ̀ níṣẹ́ pé kí ó ṣí fáìlì, kí ó ya àwòrán, kí ó gbé ohùn jáde. Windows jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991 ní àwòṣe Unix, jẹ́ òmíràn. Ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń bẹ ètò méjèèjì níṣẹ́ yàtọ̀.

Wine ni ògbufọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ọdún 1993 ni iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà 1.0 kò sì jáde àfi ní 2008. Wine kì í kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí eré bá béèrè ní ìlànà Windows ni ó ń gbà, tí ó sì ń ṣe ní ìlànà Linux. Ilobi wà lára àwọn ìlú tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí ó bá sì ti wòran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò tètè lóye èyí. Ọkùnrin ni ó ń jó, ṣùgbọ́n igi ojú obìnrin ni ó gbé lérí; ìró ìlù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dáhùn, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè ẹni tí ó wà nínú aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni Wine gbé ojú Windows kọ eré, tí ó sì jẹ́ pé Linux ni ó ń jó nísàlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Valve gbé Proton jáde. Wine ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, a sì fi DXVK kún un, èyí tí ó ń túmọ̀ àṣẹ àwòrán Direct3D sí ti Vulkan. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo eré ni ó ń gbà. Àwọn eré kan ní olùṣọ́ tí ń wá ojú ayédèrú, irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè kọ ẹni tí ó gbé igi.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ohun méjì ni a rí dì mú. Àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10 fún gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Linux lè mú kí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsan owó àṣẹ, ògbufọ̀ tí a ṣàlàyé yìí sì ń jẹ́ kí ẹni tí ó ni ín má pàdánù ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n lò. Èkejì, bí ọ̀dọ́ wa kan bá fẹ́ fi Ifá ṣe irú eré yìí, kí ó rántí pé Tarot ti jẹ́ eré rí. Ilé ni ó padà sí. Ifá ní tirẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ eré. Ẹni tí ó bá kó odù 256 sínú ìṣírò láìkó ẹsẹ̀ Ifá àti ẹni tí ń gbọ́ ọ mọ́ ọn, iye ni ó kó; ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ babaláwo.