Fífi Ilẹ̀ Èkìtì Mọ Ọmọdé: Òkè, Igbó àti Odò ní Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Èmùré

Gbogbo olùkọ́ ló gbà pé ó yẹ kí ọmọ mọ ilẹ̀ tó bí i kó tó mọ ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́, òdì kejì èyí ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ọ̀nà tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gbà fi oríṣiríṣi ẹkùn gúúsù Èkìtì mọ ọmọdé, pàápàá Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Èmùré. Àwọn ìlú mẹ́ta yìí yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò jìnnà síra, síbẹ̀ ilẹ̀ wọn kò rí bákan náà. Àárín àpáta ni Ìkéré wà. Etí igbó ni Ìsẹ̀ àti Èmùré wà.

Ní àkókò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan tó wà lókè òkun ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ bá pàdé nínú ìwé. Ọmọ tí kò tíì dé Ìsẹ̀ rí lè máa dárúkọ odò Thames. Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá pàápàá bá wọn dá sí i: D. O. Fágúnwà kọ Ìrìnàjò ní apá méjì, èyí àkọ́kọ́ ní 1949, èkejì ní 1951, láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí àbùkù nínú èyí. Arìnrìn-àjò tó dé tí kò ròyìn kò ṣe ilé lóore. Ohun tí ọmọ Ìkéré ṣì ń retí ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nípa Èmùré.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé, ilẹ̀ kò ṣàì ní ọ̀nà tí ó fi ń di mímọ̀. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹgàn àti ọ̀dàn, ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń gbìn sí orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọjà ń fi ìlú mìíràn hàn án, oríkì ń sọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣí wá. Ẹ̀kọ́ yìí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kárí: ọmọ oníṣòwò mọ ọ̀nà, ọmọ àgbẹ̀ mọ ilẹ̀, ọmọ ọdẹ mọ igbó. Iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ lè fi kún un ni láti kó ìmọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ síwájú ọmọ kan ṣoṣo.

Ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn so orúkọ Èkìtì pàápàá mọ́ òkìtì, nítorí bí ilẹ̀ náà ti ṣe gelemọ-gelemọ. Ní Ìkéré, òkè Olósùnta àti Òrólé yọ sókè lójú ilẹ̀ títẹ́jú débi pé ẹni tó bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lọ sí Adó kò lè ṣàì rí wọn. Ọmọ Ìkéré mọ Olósùnta nípa ọdún rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti béèrè ìdí tí àpáta náà fi dá dúró níbẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè yìí fani mọ́ra. Wilhelm Bornhardt, ará Jámánì kan tó ṣe ìwádìí ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ó fún irú òkè bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń lò títí di òní, ìyẹn ní 1900. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Jámánì ni òkè erékùṣù, nítorí pé òkè náà dúró láàrin pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí erékùṣù ti í dúró láàrin omi. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣàlàyé bí ó ti ṣẹlẹ̀ lè mú ẹyìn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gún ẹyìn, ara rẹ̀ tó rọ̀ yóò kúrò, èkùrọ́ yóò sì kù. Bákan náà ni òkúta abẹ́ ilẹ̀. Níbi tí ó bá ti ní sísán púpọ̀, omi ń wọ inú rẹ̀, ó ń jẹrà, ó ń di ilẹ̀, òjò sì ń gbá a lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí sísán kò bá pọ̀, òkúta ń kù bí èkùrọ́. Àìmọye ọdún ni iṣẹ́ yìí gbà. Kò tíì parí: àwọn pẹlẹbẹ òkúta tó ń bó kúrò lára àpáta bí èèpo wà níbẹ̀ fún ọmọ láti fọwọ́ kàn. Olùkọ́ tó bá ya òkè yìí sára pátákó nígbà tí òkè fúnra rẹ̀ wà lójú fèrèsé ti fi àǹfààní ńlá ṣòfò.

Láti Ìkéré lọ sí Ìsẹ̀, ìhà ìlà-oòrùn ni ọ̀nà kọrí sí. Níbẹ̀ ni àwọn igi ńlá wà, tí àgbẹ̀ sì ń gbin kòkó. Igbó Ọba Ìsẹ̀ wà lára àwọn ibi díẹ̀ tó kù ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìnàkí ṣì wà, ẹ̀yà tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ni ó ní i. Agégẹdú ń wọ igbó náà, àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́, ẹranko sì ń dín kù. Ohun tó gba ìrònú ni pé ọmọ Ìsẹ̀ lè ti rí àwòrán kìnnìún nínú ìwé rẹ̀, kí ó má sì gbọ́ rárá pé ìnàkí wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìgbà tí yóò bá fi gbọ́, ó lè ti di ìtàn.

Omi ló so àwọn ẹkùn wọ̀nyí pọ̀. Odò Ògbèsè ń gba ilẹ̀ Èkìtì kọjá sí gúúsù, ó wọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì dà pọ̀ mọ́ odò Ọ̀sẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ní tirẹ̀, Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni ó sì kọ́kọ́ kọjú sí kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀sà. Èkìtì kò ní etí òkun, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sí orí òkè rẹ̀ ń dé òkun.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ ènìyàn sílẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ tó péye jù lọ ní agbègbè yìí. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1873. Ìsẹ̀ ni ó dàgbà sí, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, títí ó fi kú ní nǹkan bí 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkéré, níbi tí Ògògà ti gúnwà sórí ìtẹ́, tí òyìnbó aṣojú ìjọba sì wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn fi gbé e. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ẹ. Ògògà gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì kù sí Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìtàn kan yìí, ọmọ ti rí Ẹ̀fọ̀n, Ìsẹ̀, Ìkéré, àti orílẹ̀-èdè erékùṣù tí àwọn baba rẹ̀ kọ́ nípa rẹ̀. Ó ti rí i pẹ̀lú pé àwọn ará erékùṣù náà mọyì ohun tó ti Ìkéré wá.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó láti fi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ wà lára wọn. Ìlànà ìjọba kò dúró lójú kan láti ìgbà náà. Ti 1977 fọwọ́ sí èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ti 2022 nà án dé ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ìpinnu yìí yóò pa ẹ̀kọ́ ilẹ̀ lára ju ìṣirò lọ. Nọ́ńbà ní orúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àkùrọ̀ àti ẹgàn kò ní orúkọ tó bá wọn mu níbẹ̀. Àní Yorùbá àjùmọ̀lò pàápàá kò tó. Ọmọ tó ń pe ilé ní ulé ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kò ṣàṣìṣe, àwọn orúkọ igi àti ti ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ àgbà mọ̀ sì lè má sí nínú ìwé kankan. Kí olùkọ́ kọ wọ́n sílẹ̀ bí ọmọ ti pè wọ́n.

Ní ti ìdánwò, ìbéèrè kan péré lè tó fún ọmọ kíláàsì kẹrin ní Ìkéré: bí òjò bá rọ̀ sórí Olósùnta lónìí, ibo ni omi rẹ̀ ń lọ, ta ni yóò sì lò ó kí ó tó dé ibẹ̀?