Oyè kan, òfin méjì: bí ìran O'Neill ṣe gba oyè Earl ti Tyrone, àti bí ó ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1542, Conn Bacach O'Neill kúnlẹ̀ níwájú Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ààfin Greenwich. Láti Ulster, apá àríwá Ireland, ló ti rìn wá, níbi tí kò ti sí ìjòyè tí agbára rẹ̀ tó tirẹ̀. Nínú àdéhùn tí ó gbé e débẹ̀, ó ti jọ̀wọ́ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ fún ọba, ó sì ti gbà pé òun ò ní jẹ́ oyè àwọn baba ńlá òun mọ́. Ọba dá ilẹ̀ náà padà fún un, ó sì fi í jẹ oyè tuntun: Earl ti Tyrone. Ohun ìní baba rẹ̀ ló fi orí ìkúnlẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ète ìjọba Henry nìyẹn. Ní ọdún 1541 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Dublin kéde pé Henry ti di ọba Ireland, ṣùgbọ́n ìkéde ò mú kí àwọn olórí Gaelic, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ireland, ka ọba kún. Ìjọba Henry wá rò ó pé bí àwọn olórí wọ̀nyí bá jọ̀wọ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì gbà á padà pẹ̀lú oyè Gẹ̀ẹ́sì, wọn á di ọmọ abẹ́ ọba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yọ idà. Ní 1543, O'Brien náà gba oyè Earl ti Thomond, Burke sì gba ti Clanricarde. Tiwọn fara rọ díẹ̀. Ti Tyrone ló di ẹ̀jẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé oyè náà dárúkọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lẹ́yìn Conn. Matthew ni orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi òun náà jẹ Baron Dungannon lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ àrólé. Ó dá mi lójú pé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni ìparun ilé O'Neill ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ò tíì rí ìwé ọba mìíràn tí ó fi ẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀ sáàárín ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí oyè ṣe ń rìn láàárín wọn kí Henry tó dá sí i. Lábẹ́ òfin Gaelic, dáwódù kọ́ ló ni oyè. Gbogbo ọkùnrin tí baba ńlá kan náà bí, títí dé ìran kẹrin, ni ọmọ oyè. Ẹni tí ó lágbára, tí ó gbọ́n, tí àwọn ènìyàn fẹ́, ni wọ́n á mú. Wọ́n tilẹ̀ máa ń yan igbá-kejì tí yóò gun orí oyè nígbà tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Ilẹ̀ náà, ti ìdílé ni. Olórí kàn ń mójútó o fún ìwọ̀n ìgbà tí ó bá fi wà lórí oyè ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ pátápátá. Àkọ́bí ọkùnrin tí ìyàwó ilé bí ló ń jogún, tọmọdé tọmọdé, tòpè tòpè, ilẹ̀ sì di tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀.

Tullyhogue ni wọ́n ti máa ń fi O'Neill jẹ. Òkè kékeré kan ni, nítòsí ìlú Cookstown ti òde òní. Ilé O'Hagan ló ń ṣọ́ ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Àga òkúta kan wà níbẹ̀, gbangba ìta ló sì wà. Ọmọ oyè á jókòó lé e lójú gbogbo àwọn ìjòyè abẹ́ rẹ̀. Olórí ilé O'Cahan, tí ó ga jù láàárín àwọn ìjòyè wọ̀nyẹn, á mú bàtà kan, á jù ú kọjá lórí ọmọ oyè. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ìran nìkan ni wọ́n á máa fi pè é: O'Neill. Kò sí ọba òkèèrè tí ó lọ́wọ́ sí i, kò sì sí ìwé kankan níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa sìn ín ni wọ́n fi í jẹ. Bí O'Cahan ò bá ju bàtà, oyè kò tíì jẹ́.

Ta wá ni Matthew? Alison Kelly, ìyàwó alágbẹ̀dẹ kan ní Dundalk, ni ìyá rẹ̀. Títí tí ọmọ náà fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ mú un tọ Conn lọ, ó ní òun ló ni ín. Conn sì gbà á. Nínú àṣà Gaelic, kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èyí: bí obìnrin bá ní ọkùnrin báyìí ló bí ọmọ òun, tí ọkùnrin náà sì gbà, ọmọ ti dé ilé baba rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó kò lè jogún oyè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ tí òfin tiwọn gan-an ò gbà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin tiwọn, wọ́n sì ní kí ó máa jẹ oyè níwájú àwọn tí ìyàwó ilé bí.

Shane ni ọmọ ìyàwó ilé. Ọmọdé ni nígbà tí baba rẹ̀ lọ sí Greenwich. Nígbà tí ó dàgbà, ó rí i pé ìwé kan ti yọ òun kúrò. Kò gbà. Ní 1558, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa Matthew. Conn, tí ó ti darúgbó, sá lọ sábẹ́ ààbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè Dublin, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1559. Shane lọ sí Tullyhogue, ó jókòó lórí àga òkúta, ó di O'Neill.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ló jẹ́ kí n máa ronú sí i jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1562, Shane fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Lọ́ńdọ̀nù láti lọ rojọ́ níwájú Ọbabìnrin Elizabeth. Àwọn jagunjagun Gaelic tẹ̀ lé e pẹ̀lú àáké lọ́wọ́: orí wọn ṣófo, irun wọn dì lọ́ọ́jọ́lọ́ọ́jọ́ bo ọrùn, ẹ̀wù wọn ní apá gbọọrọ tí wọ́n fi aró pupa rẹ́súrẹ́sú rẹ, wọ́n sì da aṣọ onírun bora. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tú jáde wá wò wọ́n. Nígbà tí Shane dé iwájú ọbabìnrin, ó wólẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì fi omijé tọrọ àforíjì. Èdè Gaelic ló fi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó gbé lọ kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Matthew, òun sì ni ọmọ tí ìyàwó ilé bí, nítorí náà òfin Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń gbè é. Ó tún ní àwọn ènìyàn òun ló yan òun gẹ́gẹ́ bí àṣà, nítorí náà òfin Gaelic náà ń gbè é. Ó wá fi ìbéèrè kan tì wọ́n mọ́ ògiri: báwo ni baba òun ṣe lè jọ̀wọ́ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ju ìwọ̀n ìgbà tí ó fi wà láyé lọ? Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìdílé, kò sí ohun tí Conn ní tí ó lè fún Henry ní Greenwich, kò sì sí ohun tí Henry ní tí ó lè fi dá Conn lọ́lá. Ọ̀rọ̀ yẹn lágbára, kò sì sí ẹni tí ó dáhùn rẹ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé òfin méjèèjì ni Shane ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè lo èyí tí ó bá wù ú. Àmọ́ àwọn tí wọ́n jókòó ṣèdájọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Elizabeth ò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó jẹ́ kí ó padà sílé, ó fi ọ̀rọ̀ oyè Earl sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ọdún 1562 kan náà ni Turlough Luineach O'Neill, ìbátan Shane, pa Brian, ọmọkùnrin Matthew tí ó yẹ kí ìwé oyè kàn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ilé O'Donnell ṣẹ́gun Shane ní Farsetmore. Ó sá tọ àwọn MacDonnell, tí òun fúnra rẹ̀ ti fìyà jẹ rí, wọ́n sì pa á ní Cushendun. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí Dublin, wọ́n fi kọ́ sórí òpó ní ilé olódi ìjọba. Ní 1569 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin pé oyè O'Neill ti parẹ́. Turlough Luineach ti jókòó lórí àga òkúta kí wọ́n tó ṣe òfin náà, kò sì dìde.

Ẹni tí ó kàn nínú àwọn ọmọ Matthew ni Hugh. Ọ̀dọ̀ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Hovenden, lágbègbè Dublin, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ṣe gbọ́ Gaelic. Àwọn ìjòyè ọba rò pé àwọn ti rí ẹni tàwọn. Ní 1585 wọ́n gbà á ní Earl ti Tyrone nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Dublin, ní 1587 Elizabeth fún un ní ìwé ilẹ̀. Ó ń kó agbára jọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ṣàánú ẹni tí ó bá lè bá a dupò. Àwọn ọmọ Shane ló kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní 1590 ó so ọ̀kan nínú wọn, Hugh Gavelagh, rọ̀. Nígbà tí Turlough Luineach kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1595, Hugh gun Tullyhogue lọ, ó jókòó, wọ́n ju bàtà kọjá lórí rẹ̀. Oyè méjèèjì wá bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo, ti ìwé àti ti òkúta.

Ìgbà yẹn, ogun ti bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àti ọbabìnrin, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Ogun náà tó ọdún mẹ́sàn-án. Ní oṣù kẹjọ 1598 ó fọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Yellow Ford, ó pa Henry Bagenal tí ó ṣáájú wọn. Ní 1601, àwọn ọmọ ogun Spéìnì gúnlẹ̀ sí Kinsale láti ràn án lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣẹ́gun rẹ̀ ní òpin ọdún náà.

Lẹ́yìn Kinsale, Mountjoy tí ó jẹ́ aṣojú ọba kó ogun wọ Tyrone. Ní 1602 ó dé Tullyhogue, ó sì ní kí wọ́n fọ́ àga òkúta náà wẹ́wẹ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn. Àwọn ọkà tí wọ́n sun lè tún hù, ilé lè tún dúró. Mountjoy mọ̀ pé bí òkúta yẹn bá wà níbẹ̀, ìwé ọba ò lè dá dúró láé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 1603, Hugh kúnlẹ̀ ní Mellifont, ó kọ orúkọ O'Neill sílẹ̀, ó sì gba oyè Earl padà. Elizabeth ti kú ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú. Mountjoy mọ̀, ó sì fi pamọ́ fún un títí ó fi túúbá tán. Nígbà tí Hugh gbọ́ ní Dublin, ó sunkún níwájú gbogbo ènìyàn.

Ó rò pé oyè Earl tó. Ó dì í mú gírígírí, ó ní gbogbo ilẹ̀ Tyrone, tòun tìlú, ti Earl ni bí ìwé ṣe wí. Ní ti O'Cahan, tí ilé rẹ̀ ń ju bàtà, ó ní ayálégbé òun lásán ni. O'Cahan bínú, ó pe ẹjọ́, Sir John Davies, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo rò pé èyí ni àṣìṣe tí ó burú jù tí Hugh ṣe. Òfin Gaelic ló sọ ọ́ di ẹni tí O'Cahan lè tẹ̀ lé lọ sójú ogun. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ló fi lé O'Cahan sọ́wọ́ Davies. O'Cahan náà ò jèrè: àtìmọ́lé Tower ní Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí, wọn ò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí.

Ọba tuntun, James, ránṣẹ́ pe Hugh sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹsàn-án 1607, Hugh àti Rory O'Donnell, Earl ti Tyrconnell, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Rathmullan pẹ̀lú àwọn aya, àwọn ọmọ àti àwọn ẹmẹ̀wà, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún. Ìkánjú wọn pọ̀ débi pé wọn ò rí Conn, ọmọkùnrin Hugh tí ó kéré, mú lọ. Ọwọ́ ìjọba ló bọ́ sí, Tower náà ni wọ́n sì tì í mọ́ nígbẹ̀yìn. Ní 1608, ilé ẹjọ́ ní Dublin dájọ́ pé yíyan àrólé lọ́nà Gaelic kò bófin mu mọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó jókòó láti 1613 sí 1615 fi òfin gba oyè Hugh àti ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn àjèjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ti ń tẹ̀dó sórí ilẹ̀ náà nígbà yẹn.

Róòmù ni Hugh kú sí ní 1616, ìjọ San Pietro in Montorio ni wọ́n sin ín sí, níbi tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ Hugh ní 1609. Ní 1617 wọ́n bá ọmọ mìíràn, Brian, tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ ní Brussels. Ọmọ rẹ̀ mìíràn, John, ló di ológun fún ọba Spéìnì; ibẹ̀ ni wọ́n ṣì ti ń pè é ní Earl ti Tyrone títí tí ó fi bógun lọ ní Catalonia ní 1641.

Ní Ireland, orúkọ oyè náà kò sùn pẹ́. Ní 1673, Ọba Charles Kejì mú un fún Richard Power, ẹni tí kì í ṣe ìran O'Neill, tí ilé rẹ̀ sì wà ní Curraghmore ní Waterford, ní ìhà gúúsù, ibi tí ó jìnnà réré sí Tyrone. Ìlà ọkùnrin Power parí ní 1704. Catherine Power fẹ́ Marcus Beresford, wọ́n sì tún fi Beresford jẹ Earl ti Tyrone ní 1746. Ọmọ rẹ̀ George di Marquess ti Waterford ní 1789, ni Tyrone bá di oyè kejì nínú ilé wọn. Títí di òní, àkọ́bí ọkùnrin Marquess ti Waterford ni wọ́n ń pè ní Earl ti Tyrone, kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Tyrone.